NAS ilé mi ń fà bí ilá: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí l'Ábẹ́òkúta, àti ìdáhùn wọn

Iṣẹ́ fọ́tò àti fídíò ni mo ń ṣe kí n tó di ẹni tí àwọn akẹgbẹ́ mi ń pè pé, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo nǹkan yìí." Òde pọ̀ nílùú wa. Bí a ti ń kúrò níbi ìgbéyàwó la ń lọ síbi ìsìnkú, ká tó sinmi, ìwúyè ti dé. Gbogbo àwòrán yẹn gbọ́dọ̀ wà níbì kan, ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wa fi ra NAS, àpótí kékeré tó ní háàdì dísìkì nínú, tó so mọ́ rọ́tà, tí kọ̀ǹpútà àti fóònù gbogbo inú ilé lè kó fáìlì sí. Ẹjọ́ kan náà ni wọ́n sì ń gbé wá: ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò yá. Bí wọ́n ṣe bi mí ni mo ṣe kọ ọ́ síbí, orúkọ nìkan ni mo yọ.

Ẹ̀gbọ́n, fáìlì òde kan tó jẹ́ 60GB, wákàtí kan ààbọ̀ ló fi wọlé. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Rárá o. Ṣùgbọ́n ẹ ṣeun tí ẹ wo aago, torí aago yẹn ti bá mi mú olè náà ní ìdajì. 60GB ní wákàtí kan ààbọ̀ jẹ́ nǹkan bí 11MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbàkigbà tí mo bá ti gbọ́ 11, mo ti mọ̀ pé ibì kan wà lójú ọ̀nà tó ń rìn ní 100Mb/s.

Ẹ wo lẹ́tà b méjèèjì yẹn dáadáa o. B ńlá ni báìtì, b kékeré ni bíìtì, bíìtì 8 ló sì wà nínú báìtì 1. Àwọn tó ń ta rọ́tà fẹ́ràn b kékeré nítorí nọ́ńbà rẹ̀ máa ń tóbi lójú oníbàárà. Kọ̀ǹpútà yín ní tirẹ̀, B ńlá ló fi ń ka fáìlì tó ń lọ. Ẹ pín 100 sí ọ̀nà 8, yóò jẹ́ 12.5. Ẹ yọ ìwọ̀nba tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń di ẹrù tó sì fi ń kọ àdírẹ́sì sára rẹ̀, yóò kù bí 11. Wáyà tó bá ń rìn ní 1000Mb/s, èyí tí wọ́n ń pè ní gígábíìtì, yóò fún yín ní 110MB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. 60GB kan náà yóò wọlé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án.

Nítorí náà, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, kí ẹ tó na kọ́bọ̀, ẹ kó fáìlì ńlá kan ṣoṣo, kí ẹ sì ka nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ sójú yín. Bó bá dúró sí 11, wáyà tàbí ihò wáyà ni. Bó bá dúró láàárín 30 sí 40, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ki háàdì bọ ihò USB 2.0, torí ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ mọ. Bó bá ń ṣe 3, tó tún ṣe 6, tó tún padà sí 2, Wi-Fi ni. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní 110 tó wá já lulẹ̀ sí 10 tàbí òdo, háàdì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá sì dúró gbọnin sí 110, kò sí nǹkan tó ṣe NAS yín, ẹ lọ sùn.

Háàdì tí mo rà yára, láptọ́ọ̀pù mi tuntun ni. Kí ló wá ń dá a dúró?

Ẹ̀yin ẹ ti jókòó sínú mọ́tò níbi afárá Láfẹ́ńwá nígbà tí ọjà kún rí. Mọ́tò yín dára, títì fẹ̀ lẹ́yìn, títì fẹ̀ níwájú, ṣùgbọ́n bí afárá bá ti ṣe ń gbani lẹ ó ṣe kọjá. Bí fáìlì ṣe ń rìn náà nìyẹn. Ó kúrò lórí háàdì láptọ́ọ̀pù, ó gba ihò wáyà tàbí Wi-Fi rẹ̀ bọ́ sínú rọ́tà, ó gba wáyà míì dé NAS, ọpọlọ NAS gbà á, ó wá kọ ọ́ sórí háàdì tirẹ̀. Ẹyọ kan tó bá fún nínú gbogbo rẹ̀ ló ń pàṣẹ fún ìyókù. Ẹni tó lọ ra háàdì tuntun nígbà tó jẹ́ pé wáyà ló fún, ṣe ló pààrọ̀ mọ́tò nítorí gosíló.

Ṣé kì í ṣe pé dátà mi ló ń jẹ? Ìyàwó mi ní kí n yé lò ó.

Ẹ bá mi kí wọn, ẹ sọ fún wọn pé kò jẹ dátà. Owó dátà wà fún ohun tó bá jáde nínú ilé lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí tó ti ibẹ̀ wọlé. Láti láptọ́ọ̀pù dé rọ́tà, láti rọ́tà dé NAS, inú ilé ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tó gbé ìkòkò láti ilé ìdáná lọ sí pálọ̀ kò san owó ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Bí wọn ò bá gbà, ẹ yọ SIM kúrò nínú rọ́tà lójú wọn, kí ẹ wá kó fáìlì. Yóò lọ. Bó bá kọ̀ tí kò lọ, a jẹ́ pé ọ̀ràn wà lóòótọ́: áàpù tí ẹ ń lò ń gba ọ̀nà ìta, ó ń gbé fáìlì yín lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe NAS, ó sì ń gbé e padà wá sí yàrá kejì. Ìyẹn ń jẹ dátà, ó sì ń fà. Lórí Windows, ẹ fi nọ́ńbà NAS fúnra rẹ̀ wọlé, bíi \\192.168.1.20, ẹ má gba ojú áàpù kọjá. Nọ́ńbà tiyín wà nínú ojúewé rọ́tà yín.

Ẹ ní wáyà ni. Wáyà tuntun ni o, wọ́n kọ Cat6, ìpele wáyà tó ga, sí i lára gbàgàdà. Báwo ni yóò ṣe jẹ́ wáyà?

Ó lè jẹ́ ẹ. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ eléyìí, torí òun ni mo ń bá pàdé jù.

Okùn tín-ín-tín 8 ló wà nínú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n lọ́ wọn pọ̀ ní méjì-méjì. Gígábíìtì fẹ́ kí gbogbo 8 pé. 100Mb/s kò fẹ́ ju 4 lọ. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá já nínú 4 tí 100 kò lò yẹn, tàbí kò kan irin dáadáa nínú orí oníke tí wọ́n fún mọ́ ọn, ẹ̀rọ méjèèjì yóò bára wọn sọ̀rọ̀, wọn yóò rí i pé ọ̀nà kò pé, wọn yóò sì jọ sọ̀ kalẹ̀ sí 100. Wọn kì í pariwo. Iná ara ihò yóò máa ṣẹ́jú bó ṣe máa ń ṣẹ́jú, íntánẹ́ẹ̀tì yóò máa lọ, fóònù kò ní mọ nǹkan kan. Fáìlì ńlá nìkan ni yóò máa jìyà.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀: lórí Windows, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Network & internet, ẹ tẹ Ethernet, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Link speed sí. Bó bá jẹ́ 1000/1000, ó dára. Bó bá jẹ́ 100/100, a ti rí i. Lórí Linux, ethtool eth0 yóò sọ ohun kan náà, bó bá jẹ́ pé eth0 ni orúkọ ihò yín. NAS pẹ̀lú ní ojúewé tó ń kọ ọ́ sí, ẹ wo ibẹ̀ náà, torí wáyà ẹ̀gbẹ́ kejì lè jẹ́ ọ̀daràn kó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ tiyín mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ wáyà kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún wò. Kan lẹ́ẹ̀kan ni mo wí. Ẹni tó pààrọ̀ mẹ́ta pọ̀ kò ní mọ èyí tó jẹ̀bi, yóò sì dá a padà sínú dúrọ́ọ̀ láti wá yọ òun lẹ́nu lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní ti Cat6 tí wọ́n kọ gbàgàdà: ìwé lásán kò ní ìtìjú. Nígbà tí mo ń ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé tèmi, mo ra odindi róòlù kan lọ́jà. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, mo tiẹ̀ ní ire ló dé, kò ní wúwo lórí sílíìnì. Mo fà á kárí ilé, mo di sílíìnì padà, 100 ló ń fún mi láti yàrá mẹ́ta. Ìgbà tí mo wá fi ọ̀bẹ họ okùn kan lára, funfun ni inú rẹ̀. Alumíníọ̀mù ni, wọ́n kàn fi bàbà bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bàbà gidi pọ́n dé inú. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń mú ọ̀bẹ dání lọ ra wáyà, mo sì máa ń bẹ ẹni tó ń tà á kí n tó họ ọ́. Ẹni tó bá ń ta ojúlówó kì í bínú.

Cat5e tó jẹ́ bàbà gidi tó fún gígábíìtì nínú ilé, kò di dandan kó jẹ́ Cat6. Kó má ṣáà gùn ju mítà 100 lọ. Kí ẹ sì má fi í sínú páìpù kan náà pẹ̀lú wáyà iná, bí ẹni tó ń ṣe iná ilé tilẹ̀ ń sọ pé kò sí wàhálà.

Mo pààrọ̀ wáyà, mo họ ọ́ wò, bàbà ni. Ṣì 11 ni.

Ẹ yí rọ́tà yín padà kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Púpọ̀ nínú rọ́tà 4G onísíìmù tí a ń lò nílé, 100Mb/s ni ihò wáyà rẹ̀. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣe é fún, wọn kò ro ti NAS.

Ẹ má pààrọ̀ rọ́tà. Ẹ ra súwíìṣì gígábíìtì kékeré oníhò 5, àpótí tó ń so ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì pọ̀, kì í ṣe ti iná. Ẹ ki NAS bọ inú rẹ̀, ẹ ki láptọ́ọ̀pù bọ inú rẹ̀, kí ẹ wá fi wáyà kan ṣoṣo so súwíìṣì náà mọ́ rọ́tà. Rọ́tà yóò ṣì máa fún gbogbo wọn ní nọ́ńbà àti íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n fáìlì tó ń lọ láti láptọ́ọ̀pù sí NAS kò ní dé ọ̀dọ̀ rọ́tà mọ́ rárá. Inú súwíìṣì ni yóò ti yà. Nínú gbogbo ohun tí mo ti bá ènìyàn ṣe, èyí ni ẹnu máa ń yà wọ́n sí jù, nítorí owó rẹ̀ kéré sí ohun tí wọ́n ti múra láti ná.

Èmi ò fẹ́ wáyà nínú pálọ̀ mi. Ṣé Wi-Fi kò tó?

Ó tó fún fóònù. Ó tó fún wíwo fídíò. Fún kíkó ẹrù òde lóru Sátidé, kò tó, bí a bá sì ṣe se ebòlò tó, kò ní ṣaláì rùn ìgbẹ́. Afẹ́fẹ́ ni Wi-Fi ń gbà, afẹ́fẹ́ yẹn sì jẹ́ ti gbogbo wa. Ẹnì kan ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí ìkànnì kan, àwọn yòókù a dúró.

Bí kò bá sí ọ̀nà míì, NAS fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi wáyà so mọ́ rọ́tà. Bí NAS bá wà lórí Wi-Fi, tí láptọ́ọ̀pù náà wà lórí Wi-Fi, fáìlì kan náà ń gba afẹ́fẹ́ kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ìyára rẹ̀ yóò sì pín sí méjì. Ẹ̀rọ kékeré tó ń gba Wi-Fi tó sì ń tún un fọ́n jáde náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín.

Ẹ lo 5GHz fún láptọ́ọ̀pù. 2.4GHz ń jìnnà, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ níbẹ̀, ìkànnì tí kò fi ara gbún ara wọn níbẹ̀ kò ju 3 lọ: 1, 6 àti 11. 5GHz yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ kò fẹ́ràn ògiri. Ilé búlọ́ọ̀kù wa yìí kì í bá a ṣeré. Bí ògiri méjì bá wà láàárín ẹ̀yin àti rọ́tà, pẹ̀lú irin fèrèsé àti tánkì omi onírin, ẹ má retí nǹkan. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù wá sí yàrá tí rọ́tà wà kí ẹ tún dán an wò. Bí láptọ́ọ̀pù bá sì kọ 867Mb/s sójú yín, ẹ má pín in sí 8 kí ẹ máa yọ̀. Ìdajì rẹ̀ tàbí kó lé díẹ̀ ni yóò dé ọwọ́ yín níbi tó bá dára jù.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń fà tàbí háàdì?

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀lẹ̀ jẹ. Ẹ yọ háàdì kúrò nínú ọ̀ràn náà ná. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ iperf3. Ẹ gbé e sórí NAS, kí ẹ tẹ iperf3 -s. Ẹ gbé e sórí láptọ́ọ̀pù, kí ẹ tẹ iperf3 -c pẹ̀lú nọ́ńbà NAS. Kì í fi ọwọ́ kan háàdì rárá, inú RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan sí fún ìgbà díẹ̀, ló ti ń mú ohun tó ń fi ránṣẹ́. Bó bá fún yín ní nǹkan bí 940Mb/s, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kò jẹ̀bi, ẹ lọ bá háàdì. Bó bá fún yín ní 94, ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ wáyà. Bí NAS yín bá jẹ́ Linux, hdparm -t /dev/sda yóò sọ bí háàdì ṣe ń yára ka nǹkan tó, kò sì ní kọ ohunkóhun sórí rẹ̀. Háàdì olóyípo tí ara rẹ̀ dá máa ń lé ní 100MB/s dáadáa.

Ẹni tí kò bá fẹ́ràn kí ó máa tẹ irú nǹkan báyìí lè kó fáìlì kan náà láti kọ̀ǹpútà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ọ̀kan bá yára tí èkejì ń fà, NAS kọ́ nìyẹn.

Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé yóò fò, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan yóò wálẹ̀ pátápátá.

Ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni ẹ kò gbọ́dọ̀ gbà gbọ́. RAM ló ń kọ́kọ́ gba fáìlì, bí agbada tí a gbé sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Bí agbada bá kún, ohun tí háàdì lè gbé mì nìkan ni yóò kù. Ẹ jẹ́ kó rìn ju ìṣẹ́jú méjì lọ kí ẹ tó ka nọ́ńbà.

Bí nọ́ńbà tuntun yẹn bá ṣì jẹ́ 80 tàbí 100, ó dára. Bó bá já sí 10, ẹ wo irú háàdì tí ẹ rà. Háàdì kan wà tí wọ́n ń pè ní SMR. Bí a ṣe ń kan páànù òrùlé ni wọ́n ṣe to ìlà rẹ̀, ọ̀kan gun ọ̀kan lórí, kí àyè lè gba púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yí páànù ìsàlẹ̀ padà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣí tòkè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni háàdì náà ṣe ń ṣe nígbà tí ẹ bá ń kọ nǹkan sórí ohun tó ti wà níbẹ̀: yóò ka ìlà tó wà nítòsí, yóò tún wọn kọ padà. Kò burú fún ìpamọ́ tí a kì í fọwọ́ kàn. Fún NAS tí ẹ ń kó òde sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìyà ni, nínú RAID, ìyẹn háàdì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a so pọ̀ bí ọ̀kan, ó tún burú sí i. Irú kejì, CMR, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2020, ariwo ńlá sọ lágbàáyé nígbà tó hàn pé àwọn háàdì kan tí wọ́n ń tà fún NAS gan-an jẹ́ SMR, láìjẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ síbi tí oníbàárà yóò ti rí i. Ẹ ka nọ́ńbà háàdì yín, ẹ wá a lórí ojúewé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, kí ẹ tó san owó.

Bí ó bá ń já sí òdo, tó dúró fún ìgbà díẹ̀, tó tún bẹ̀rẹ̀, tí ẹ sì ń gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ nínú àpótí, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìyára sílẹ̀. Ẹ ṣí ibi tí NAS kọ SMART sí, ìyẹn ìròyìn tí háàdì ń kọ nípa ìlera ara rẹ̀. Bí Reallocated Sector Count tàbí Current Pending Sector kò bá jẹ́ òdo, tó sì ń pọ̀ sí i, háàdì ń kú lọ. Ẹ kọ́kọ́ kó ohun tí ẹ kò lè tún rí mọ́ kúrò níbẹ̀.

Fídíò ń yára, ṣùgbọ́n fódà fọ́tò kékeré 12,000 kò tán bọ̀rọ̀.

Bó ṣe rí nìyẹn. Fún ẹyọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, láptọ́ọ̀pù àti NAS gbọ́dọ̀ kí ara wọn, ṣílẹ̀kùn, kọ orúkọ, kọ déètì, tìlẹ̀kùn. Orí háàdì olóyípo sì gbọ́dọ̀ fò láti ibì kan sí ibòmíràn. Bí fọ́tò bá kéré, ìkíni náà gùn ju ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ lọ. Ẹ dì wọ́n pọ̀ sínú zip kan tàbí tar kan kí ẹ tó kó wọn. Kò pọn dandan kí ẹ fún un kékeré, fọ́tò ti fún ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo NAS náà bóyá ó ń ya àwòrán kékeré-kékeré fún gbogbo fọ́tò tuntun lẹ́yìn tí ẹ kó wọn wọlé. Ó lè fi odindi òru ṣe é, ohun gbogbo yòókù yóò sì máa rá pálá. Mo máa ń pa á.

Láti ìjelòó tí iná lọ lójijì ló ti ń fà.

Ó ń tún ara rẹ̀ yẹ̀ wò ni. Bí iná bá lọ nígbà tí RAID ń kọ̀wé, kò dá a lójú mọ́ pé ohun tó wà lórí háàdì kìíní bá tèkejì mu, yóò wá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Háàdì 4TB ní 100MB/s yóò gba wákàtí mọ́kànlá, bí ẹnikẹ́ni kò bá dà á láàmú. Bí ẹ bá ń lò ó lọ́wọ́, yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Lórí Linux, cat /proc/mdstat yóò sọ ibi tó dé. Ẹ jẹ́ kó parí. Ẹni tó pa á, tó tún tàn án, lè kan dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé iná fún ẹ̀rọ bí iná bá lọ, ni oògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé okùn USB rẹ̀ wọ inú NAS, kí UPS lè sọ fún un pé iná ti lọ, kó pa ara rẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo rí ẹni tó ra UPS, tó fi okùn yẹn sílẹ̀ nínú páálí. Iná tó lọ ju bátìrì lọ ló fi òye yé e.

Ní ọ̀sán ó ń fà, ní òru ó ń yára.

Níbo ni ẹ gbé e sí? Ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yìí ń gbé l'Ádátán, abẹ́ páànù ni, kò sí sílíìnì, inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa ni NAS wà. Nínú oṣù kejì sí ìkẹta, òkúta ìlú yìí ń gba oòrùn láti òwúrọ̀, ó sì ń tu ooru síta títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ọpọlọ ẹ̀rọ tó bá gbóná jù yóò fún ara rẹ̀ ní ìsinmi kó má baà jóná. Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré kan tí àwọn kan fi ń ṣe NAS, bí àpẹẹrẹ, ń dín eré rẹ̀ kù bó bá ti ń sún mọ́ 80°C. Ẹ gbé e jáde, ẹ nu eruku ọyẹ́ kúrò lára fáànù rẹ̀.

Raspberry Pi tèmi ni mo fi ṣe é. Ṣé mo ti ṣe àṣìṣe?

Ó kù sí èyí tí ẹ ní. Pi 3 tó kọ́kọ́ jáde, 100Mb/s ni ihò wáyà rẹ̀, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i. 3B+ ń pe ara rẹ̀ ní gígábíìtì, ṣùgbọ́n USB 2.0 ni wáyà náà ń gbà nínú, kò lè ju nǹkan bí 300Mb/s lọ. Pi 4, tó jáde ní 2019, ni ó kọ́kọ́ ní gígábíìtì gidi pẹ̀lú USB 3.0. Ihò búlúù ni kí ẹ ki háàdì bọ̀. Gbogbo ihò USB rẹ̀ lápapọ̀ kò sì fúnni ní iná ju 1.2A lọ, háàdì méjì tí kò ní iná tiwọn yóò máa kú, wọn yóò máa jí.

Ohun kan tún wà: bí háàdì náà bá jẹ́ NTFS, ọ̀nà tí Windows fi ń to fáìlì sórí háàdì, Pi ń ṣe làálàá kó tó kà á. Ẹ kó fáìlì kúrò, ẹ ṣe é ní ext4, èyí tó jẹ́ ti Linux.

Windows ṣe àtúnṣe ara rẹ̀, NAS àtijọ́ mi wá ń fà, tàbí kò tiẹ̀ ṣí mọ́.

Windows 11 láti ẹ̀dà 24H2, pàápàá Pro, ń béèrè pé kí NAS fọwọ́ sí ìwé fún gbogbo ẹrù tó bá fi ránṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà yí i padà lójú ọ̀nà. NAS tí ọpọlọ rẹ̀ kò lágbára yóò máa fi àkókò fọwọ́ sí ìwé. Èyí tí ẹ ń wọ̀ láìní orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìpamọ́ kò sì ní ṣí. Ẹ dá orúkọ kan sílẹ̀ lórí NAS, kí ẹ sọ ètò inú rẹ̀ di tuntun. Ẹnì kan lè ní kí ẹ tan SMB1, ọ̀nà àtijọ́ tí Windows fi ń pín fáìlì, padà. Ẹ má gbọ́. Ọ̀nà yẹn ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gbà wọ kọ̀ǹpútà kárí ayé ní oṣù karùn-ún 2017.

Ṣé kí n ra 2.5 gígábíìtì? Ẹnì kan sì ní kí n tan jumbo frame.

Háàdì olóyípo kan ṣoṣo lè má fi bẹ́ẹ̀ kọjá ohun tí gígábíìtì ń gbé. Ẹ mú gígábíìtì tí ẹ ní dé 110 ná. Jumbo frame, ìyẹn kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa di ẹrù tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ fi sílẹ̀: bí ẹ̀rọ kan bá tan tirẹ̀ tí èkejì kò tan, ẹ ó máa wá mi kiri.

Mo wà l'Ékòó, NAS wà nílé l'Ọ́báńtókò. Kí ló dé tó fi ń fà bẹ́ẹ̀?

Torí pé ọ̀nà tó ń jáde nílé yín ló ń gbà báyìí, ọ̀nà yẹn sì fún ju èyí tó ń wọlé lọ. Bí rọ́tà yín bá ń fi 10Mb/s ránṣẹ́ síta, ohun tí ẹ ó rí l'Ékòó kò ní ju 1.25MB/s lọ, bó ti wù kí ọ̀nà Èkó fẹ̀ tó. Lórí síìmù 4G, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n kó oníbàárà púpọ̀ sẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo, nítorí náà NAS yín gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ alárinà kan kọjá. Eléyìí sì ń jẹ dátà, ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín mọ̀.

Mo ní 2TB tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ní Kútọ̀. Kí n jẹ́ kó máa lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì díẹ̀díẹ̀?

Ní 10Mb/s yẹn, yóò gba ọjọ́ méjìdínlógún àti ààbọ̀, bí iná kò bá lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ ki háàdì bọ ihò USB 3.0 tó wà lára NAS fúnra rẹ̀, kí ẹ sọ fún NAS kó dà á sórí rẹ̀, kí ẹ má jẹ́ kó gba ojú láptọ́ọ̀pù. Ẹ wò ó kí ọ̀nà tí wọ́n fi to fáìlì sórí háàdì náà má jẹ́ FAT32, torí fáìlì tó bá tó 4GB kò ní wọlé síbẹ̀. ExFAT ni kó jẹ́. Bó bá parí, ẹ tẹ eject, ẹ dúró títí kó fi dẹ́kun yíyí, ẹ wé e sínú aṣọ tó nípọn, ẹ fi sínú báàgì tí ẹ gbé kọ́ àyà, kì í ṣe ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ẹ sọ fún ọlọ́kadà kó rọra ṣe níbi gálọ́pù.